Ọwọ́ Tí Ó Yẹ Kí Ó Fún Wa Ní Oògùn Ìrora Tó Lágbára

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ìpàdé oṣooṣù Ẹ̀ka Lamisula, Maiduguri

Ní ìpàdé tí ó kọjá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lórí ẹni tí ó yẹ kí ó máa gún wa ní abẹ́rẹ́ ìrora. Apá kan ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ abẹ́rẹ́ gún, nọ́ọ̀sì ni. Apá kejì ní dókítà nìkan ni kí ó fọwọ́ kan irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ní kí Akọ̀wé lọ wádìí, kí ó sì wá jíṣẹ́ fún yín.

Mo ti bi àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn léèrè, mo sì ti ka ìwọ̀nba tí mo lè kà. Oníṣòwò aṣọ ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n mo mọ ìwé owó, mo sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn jíhìn ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ yẹn ni n ó gbà bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ oògùn tí à ń wí. Oògùn ìrora kì í ṣe ẹyọ kan. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé tò wọ́n bí àkàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà. Paracetamol àti irú rẹ̀ tí gbogbo wa ń rà ni ẹsẹ̀ kìíní. Codeine wà ní ẹsẹ̀ kejì, tramadol sì wá bọ́ sí ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Morphine ni ó wà lókè. Àwọn tí mo dárúkọ ní ẹsẹ̀ kejì àti ìkẹta yìí, pẹ̀lú pentazocine tí wọ́n sábà máa ń gún ní abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn wa, ìdílé kan náà ni wọ́n, ìdílé opium. Oje òdòdó kan ni opium. Láti inú oje yìí ni ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Sertürner ti yọ morphine jáde ní nǹkan bí igba ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí ìdílé yìí ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ìròyìn ìrora ń gbà dé ọpọlọ. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ ní egungun, oore ńlá ni oògùn yìí jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n oògùn kan náà a máa dẹ́kun agbára tí ọpọlọ fi ń mú wa mí. Bí ó bá pọ̀ jù, aláìsàn á sùn, oorun náà á wọra, èémí á máa fà, á sì máa jìnnà síra títí yóò fi dákẹ́. Kò ní ké, kò sì ní jà. Àwọn tí ó yí i ká á máa dúpẹ́ pé ó ti rí oorun sùn. Bí ó bá ti mu ọtí tẹ́lẹ̀, tàbí tí ó ti gbé oògùn oorun bíi diazepam mì, ewu náà pọ̀ sí i gidigidi. Ti arúgbó àti ti ọmọdé tún yàtọ̀. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi codeine tàbí tramadol tọ́jú ìrora ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12.

Bí mo bá ṣi aṣọ wọ̀n ní ìsọ̀ mi, oníbàárà á gbé e padà wá, a ó sì tún un wọ̀n. Oògùn tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti gbà padà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò fún wa fi ṣe pàtàkì.

Nígbà tí mo wádìí dáadáa, mo rí i pé iṣẹ́ mẹ́rin ni ó wà nínú ohun tí àwa ń pè ní abẹ́rẹ́ gígún. Èkíní ni ìpinnu: irú oògùn wo, ìwọ̀n mélòó, ìgbà mélòó lójúmọ́. Èkejì ni ìpamọ́. Ẹ̀kẹta ni fífún. Ẹ̀kẹrin ni ìṣọ́, èyíinì ni kí a jókòó ti aláìsàn lẹ́yìn tí ó ti gba oògùn. Àwa ará ọjà, ẹ̀kẹta nìkan ni ojú wa ń rí. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó rọrùn jù lọ láti kọ́. Ọmọdé tí ó bá ní ìgboyà lè mọ bí a ti í ti abẹ́rẹ́ bọ ara láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mímọ ohun tí a ó ṣe bí aláìsàn kò bá mí dáadáa mọ́ ni ó ń gba ọdún.

Bí iṣẹ́ mẹ́rin yìí ti ń lọ ní ilé ìwòsàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Dókítà ni ó ń pinnu, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti aago. Apòògùn ni ó ń kó oògùn jáde fún wọ́ọ̀dù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ní àgádágodo ni nọ́ọ̀sì àgbà ń tọ́jú morphine sí, kọ́kọ́rọ́ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ńlá kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹyọ kan jáde, nọ́ọ̀sì méjì ni yóò rí i, àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí ìwé náà. Bí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán bá ń fi iṣẹ́ lé ti òru lọ́wọ́, wọ́n á ka èyí tí ó kù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ yìí. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ akápò, akọ̀wé ń kọ ọ́, Alága ń fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tí ó lè dá ná kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti fún un tán, nọ́ọ̀sì náà kì í lọ sùn. Yóò béèrè bí ìrora náà ti rí, láti orí òdo títí dé 10. Yóò pe aláìsàn, yóò wò ó bóyá ó lè dáhùn. Yóò ka èémí rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó sinmi jẹ́ẹ́ a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ti bọ́ sí abẹ́ 10, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Kò ní fi òmíràn kún un, yóò sì ké sí dókítà. Oògùn kan tí ń jẹ́ naloxone wà tí ó lè lé agbára opium kúrò lára kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní i nítòsí tí ó sì mọ̀ ọ́n lò ni ó wúlò fún.

Wàyí o, ta ni òfin mọ̀? Nọ́ọ̀sì tí òfin mọ̀ ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Àjọ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà, tí òfin 1979 rọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ayé àtijọ́, ọdún márùn-ún ni ti yunifásítì, wọ́n sì ń sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí a ń pè ní CHEW. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ wọn, ti àwọn tí ó kéré sí wọn sì jẹ́ ọdún méjì. Àwọn náà ní àjọ tiwọn láti 1992, ìwé ìlànà kan sì wà tí ó kọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n fi aláìsàn ránṣẹ́ síwájú. Ní 2014, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí a pín iṣẹ́ ìlera kan fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ wọn kò gùn tó ti dókítà, nítorí dókítà kò kárí. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ìjọba kọ́, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, ni ìlànà náà ń bá wí.

Kẹ́mísì àdúgbò wa ńkọ́? Àṣẹ tí wọ́n fún ọlọ́jà oògùn kékeré ni pé kí ó ta oògùn tí kò nílò ìwé dókítà, nínú páálí tí ó ti wá. Abẹ́rẹ́ kò sí nínú àṣẹ rẹ̀, ìdílé opium kò sì sí níbẹ̀. Ti tramadol, kóró oògùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ 225 tàbí 250 tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń wá kiri yẹn, NAFDAC kò fọwọ́ sí i rárá. Ẹni tí ó bá fi tà yín, ó ti mọ̀ pé ohun tí kò tọ́ ni òun ń tà.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tí yóò kan ọ̀pọ̀ wa, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa obìnrin ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ọmọ sí ilé ìwòsàn aládàáni fún ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀ kí ó lè kọ́ iṣẹ́ auxiliary. A san owó, a ra aṣọ funfun, a ṣe fàájì ọjọ́ tí ó gba ìwé, gbogbo àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó ni ilé ìwòsàn ni ó fọwọ́ sí ìwé náà. Àjọ Nọ́ọ̀sì kò mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ náà bá gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba, wọn kò ní gbà á síṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí aláìsàn bá sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, òun nìkan ni ọlọ́pàá yóò mú, ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé kò ní sí níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní practical nurse. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ náà kúrú ju ti nọ́ọ̀sì àgbà lọ, nǹkan bí ọdún kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè ní auxiliary tiwa ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Practical nurse ti ṣe ìdánwò ìjọba, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, nọ́ọ̀sì àgbà tàbí dókítà ń bojú tó o, òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ sì kọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ pin sí. Ó lè fún aláìsàn ní oògùn ìrora tí à ń gbé mì bí dókítà ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó fi abẹ́rẹ́ ta á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tààrà, ìpínlẹ̀ kan kò gbà fún un, òmíràn gbà bí ó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́. Ọmọ tiwa kò ní ìdánwò, kò ní ìwé, kò sì sí ẹni tí ó fi ààlà hàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọkùnrin alábàárù kan tí gbogbo wa mọ̀ jábọ́ láti orí ọkọ̀ ẹrù, ó fi ìbàdí gbálẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ pe ọmọ kan láti kẹ́mísì kan. Ó gún un ní pentazocine ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìrora kò lọ, ó tún gún un, ó sì fi oògùn oorun tì í, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ní òru, ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ó ń hanrun lọ́nà tí kì í gbà hanrun, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú. Ọlọ́run ló ṣe é tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kan gbà láti gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó yè. Nígbà tí dókítà béèrè oògùn tí ó ti gbà àti iye rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó rí i pé egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ náà ti bo ìrora mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi àìsàn sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, Akọ̀wé, ilé ìwòsàn dà? Òótọ́ ni. Láti 2009 tí ìjà Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìlera tí ó bàjẹ́ ní Borno kò kéré. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà wọ́n ní 2016, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó ti wó pátápátá. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ìgbèríko sì ti kún Maiduguri. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, tí ìdídò Alau ya, omi wọ inú ilé ìwòsàn náà. Ẹni tí ìrora mú lóru kò ní ká ojú ọ̀nà jìnnà-jìnnà, ẹni tí ó sún mọ́ ọn ni yóò pè. Èmi kò bú ẹni tí ó pe ọmọ kẹ́mísì. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹgbẹ́ wá ọ̀nà tí kò fi ní pọn dandan fún un.

Apá kejì àríyànjiyàn wa náà ní ìdáhùn tirẹ̀, àwọn tí ó ní dókítà nìkan ni kí ó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù tí ń bà wọ́n kì í ṣe lásán. Ìwádìí tí ìjọba àti Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ní Nàìjíríà ni ó lo oògùn ìdílé opium láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé àìsàn ni wọ́n fi ń tọ́jú. Ní 2018 ni ìjọba fi òfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tí ó ní codeine àti kíkó o wọlé. Àwa tí a ń gbé ibí kò nílò ìwé kí a tó mọ̀ pé tramadol ti di bárakú fún ọmọ àwọn kan.

Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ọ̀bẹ ń gé ni lọ́wọ́ kí a má gé ẹran mọ́. Ní 2017, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ pé nínú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 298.5 oògùn ìdílé opium tí a ń pín káàkiri ayé lọ́dọọdún, ìdá mẹ́wàá tọ́ọ̀nù kan péré ni ó ń dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù. Ẹ fojú inú wo ìyá tí jẹjẹrẹ ọmú mú tí ó ń fi paracetamol bá ìrora náà jà. Ẹ wo ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, tí egungun rẹ̀ ń ta á bí iná, tí wọ́n sì ń wí fún un pé oògùn ni ó ń wá jẹ gbádùn. Bí a bá ní dókítà nìkan, tí dókítà kò sì kárí, ìyà náà ni a fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ fún.

Orílẹ̀-èdè Ùgáńdà ti bá ọ̀nà àárín pàdé. Dókítà Anne Merriman dá ilé ìtọ́jú Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní 1993. Morphine tí à ń mu ni wọ́n ń lò, wọ́n ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ pọ̀ mọ́ omi níbẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Nígbà tí wọ́n rí i pé dókítà kò tó, ìjọba tún òfin ṣe ní 2004, kí nọ́ọ̀sì tí ó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn onírora fún oṣù mẹ́sàn-án lè kọ morphine fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣáà máa fún ènìyàn. Wọ́n kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fi òfin tì í lẹ́yìn, wọ́n sì ní kí ó máa jíhìn. Ọwọ́ tí ó yẹ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ti dókítà, ìbáà jẹ́ ti nọ́ọ̀sì: ọwọ́ tí a kọ́, tí a fún láṣẹ, tí ó sì ń jíhìn. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá ti kù, ẹ má na apá yín sí i.

Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́rin kalẹ̀ fún ẹ̀ka yìí.

Èkíní: kí olúkúlùkù kọ́ ará ilé rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta tí a ó máa bi ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé abẹ́rẹ́ ìrora dání. Kí ni orúkọ oògùn yìí? Ta ni ó kọ ọ́? Ta ni yóò jókòó tì mí lẹ́yìn rẹ̀? Kí a sì kọ orúkọ oògùn àti aago sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì gidi kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Èkejì: kí a yan ènìyàn mẹ́fà tí ó gbọ́ Hausa tàbí Kanuri dáadáa, tí yóò máa gba ara wọn lẹ́nu iṣẹ́ láti bá àwọn aláìsàn wa dé wọ́ọ̀dù. Àwọn ìyá wa kan kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè bí ìrora ti tó, wọ́n á kàn mi orí. Mímì orí yẹn lè mú kí oògùn kéré jù tàbí kí ó pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta: kí a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó ìrànwọ́ àìsàn fún ọkọ̀ òru, kí aláìsàn dé ilé ìwòsàn kí a tó máa béèrè ẹni tí yóò san án padà.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹgbẹ́ máa ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ láti gba ìwé tí ó tọ́. Ẹni tí ó bá ní kírẹ́díìtì márùn-ún, nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, lè gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan sì wà ní Maiduguri níbí. Ẹni tí kò bá wọlé síbẹ̀, kí ó wo ti CHEW. Owó tí a ń san fún auxiliary, kí a fi san ti ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ àti ìdánwò. Àwọn tí ó ti wà lẹ́nu auxiliary tẹ́lẹ̀, kí a má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn gan-an ni kí a kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́, nítorí wọ́n ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Títí wọn yóò fi gba ìwé, kí wọ́n wẹ aláìsàn, kí wọ́n tẹ́ ibùsùn, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọlá ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ìrora sílẹ̀.

Alàgbà Alága, ohun tí ẹ rán mi nìyí, mo ti jẹ́ ẹ. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a dìbò lé e lórí lónìí, kí n lè kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé kí a tó tú ká.